Ẹ̀jẹ̀ Pẹ̀lẹ́

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àáké ni Alápatà mọ̀ ọ́n lò jù. Ojú àáké ń gé egungun, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà a máa rò pé agbára ni. Kì í ṣe agbára. Ìwúwo irin ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Bí irin bá bọ́ sí oríkèé, egungun màlúù á là bí obì. Bí ó bá bọ́ sí ibòmíràn, á ta padà, ó sì lè kó ìka ẹni lọ. Bàbá obìnrin náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìka mẹ́jọ ni bàbá náà sì fi kọ́ ọ.

Bàbá yìí kan náà ló fi géèmù ẹṣin sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ rọ tí kò lè dúró nídìí kùkùté igi tí wọ́n ń gé ẹran lé mọ́, ó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ọwọ́ kan sin ẹṣin lórí fóònù, nínú géèmù kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní ilé ẹṣin níbẹ̀ á máa fún wọn ní koríko, á máa gé pátákò wọn, á mú akọ bá abo, ọmọ á sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti ìwà tó bá jogún. Ẹṣin tó bá kú níbẹ̀ ti kú nìyẹn. Géèmù náà kì í jí òkú.

"Gbogbo ayé mi ni mo fi pa ẹran," ni bàbá máa ń wí. "Ẹ jẹ́ kí n sin nǹkan kan tó máa wà láàyè."

Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kú, abo kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú àwọn akọ arúgbó díẹ̀, nínú ìran ẹṣin tó ti ń sìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní àmì funfun kékeré níwájú orí, kì í sì í bínú. Bí Pẹ̀lẹ́ bá lọ, gbogbo ohun tí bàbá fi ọwọ́ kan kọ́ ti wó nìyẹn.

Alápatà kò fi Pẹ̀lẹ́ ṣeré rárá. Kò jẹ́ kí ó lóyún kí ara rẹ̀ tó gbó, kò mú un bá ìbátan rẹ̀, kò sì ní í gba akọ kankan tí kò bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìdí àyẹ̀wò náà kò le. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹṣin inú géèmù yẹn ń jogún, bí ẹni pé ìlẹ̀kẹ̀ méjì ló ń gbé: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìlẹ̀kẹ̀ burúkú kan wà láàárín wọn. Ẹṣin tó bá gbé ẹyọ kan rẹ̀ kò ní í mọ̀. Á máa jẹ, á máa sáré, bóyá kí ó kàn ní funfun díẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n bí akọ àti abo bá jọ gbé e, tí ọmọ wá kó méjèèjì, ọmọ náà á jáde ní funfun láti orí dé pátákò, ìfun rẹ̀ á sì dí. Á dìde, á mu ọmú, á kú. Ojú kò lè rí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí le fún ìdílé náà láti gbà, torí ojú ni wọ́n fi ń ra ẹran. Bí màlúù bá ti òde wọlé, wọ́n á wo irun rẹ̀, wọ́n á tẹ ìhà rẹ̀, wọ́n á wo imú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Wọn kì í sábà ṣì í. Àbúrò Alápatà lọ́kùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gìrìpá, gbà pé kò sí ojú tó dà bí tòun.

Ọkùnrin tó ń ta yìnyín ní òdìkejì òpópónà ló kọ́kọ́ gbé ìjà wá. Oníyìnyín kì í rìn láìsí irin ṣóńṣó tó fi ń fọ́ yìnyín ní ìbàdí rẹ̀, ó sì ti fi ìkúùkù yọ eyín awakọ̀ kan rí nítorí pé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun náà ní ilé ẹṣin nínú géèmù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sọdá, ó na fóònù sí Alápatà lójú.

"Ààrá nìyí. Wo àyà. Wo ìdí. Ọkọ wo lo tún ń wá fún Pẹ̀lẹ́?"

"Ó dára lójú." Alápatà kò gbé orí sókè nídìí egungun ìhà tó ń yà. "Èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Èsì kí ni?"

"Ti ẹ̀jẹ̀. Tẹ àyẹ̀wò, kí èsì jáde, kí gbogbo wa rí i. Lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

"Ṣé o ń pe ẹṣin mi ní aláìsàn ni?"

"Èmi kọ́. Òun ni mo ní kó sọ tẹnu rẹ̀."

"Ojoojúmọ́ lo ń ta ẹran fún aráyé. Ta ló bi ọ́ léèrè èsì ẹ̀jẹ̀ rí?"

"Èyí tí mò ń tà ti kú. Kò ní í bímọ mọ́."

Gìrìpá, tó ń fọ ìfun nínú bàsíà, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Oníyìnyín kò lè gbé mì. Ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó gbá ọrùn ẹ̀wù Alápatà mú, ó fà á títí àyà obìnrin náà fi gbá etí tábìlì tí ọ̀bẹ méjì sì jábọ́. Ọwọ́ Alápatà kan àáké. Àáké kàn ròkè, ó sì balẹ̀. Ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà, ó kan apá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ kùkùté igi.

"Èyí tó kàn," ó ní, "ọwọ́ á wà nínú ẹ̀wù náà."

Oníyìnyín fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, aṣọ ya, ó fi ìrépé aṣọ náà sílẹ̀ lábẹ́ irin. "A máa pàdé," ó ní, ó sì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá ti gé e," Gìrìpá wí.

"Máa fọ ìfun ẹ."

"Mò ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin ọkùnrin yẹn dáa o."

"Ó dáa lójú ẹ."

"Ojú mi kò ṣì màlúù rí."

"Màlúù kọ́ nìyẹn."

Gìrìpá padà sídìí bàsíà, ṣùgbọ́n ohun kan ti ń jẹ ẹ́ nínú tipẹ́. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, koríko nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́ kó fún Pẹ̀lẹ́. Òun kò yan akọ rí. Òun kò sọ ọmọ ẹṣin kankan lórúkọ rí. Ó fẹ́ ẹyọ kan péré, tí ẹni tó bá rí i á sọ pé ojú Gìrìpá ló mú un.

Fóònù tí wọ́n fi ń ta géèmù náà kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi kọ́ orí ìṣó. Lọ́sàn-án kan tí Alápatà ń fi omi ṣan ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń dúnbú, fóònù náà dún nínú ọ̀rá. Oníyìnyín ló ránṣẹ́: Ààrá ń béèrè Pẹ̀lẹ́. Gìrìpá nu ọwọ́ sí ìdí. Ó wo Ààrá bí ẹni ń ra màlúù. Irun ń dán. Ìhà kún. Kò sí funfun níbì kankan àfi ẹsẹ̀ kan bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. "Ara yìí mọ́," ó wí fún ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Alápatà rí i. Àmì oyún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Pẹ̀lẹ́, orúkọ Ààrá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ nínú géèmù yẹn kò ṣeé dá padà.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni," Gìrìpá dáhùn.

"Èsì ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Mo wò ó."

"Kí lo fi wò ó?"

"Ojú tí bàbá fún mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹṣin náà mọ́."

Ìrù màlúù ló wà lọ́wọ́ Alápatà. Òun ló fi gbá a lójú. Egungun ìrù ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ Gìrìpá, ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ẹnu rẹ̀. Gìrìpá tutọ́ rẹ̀ nù, ó fi èjìká gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ àárín ẹran tó wà ní kíkọ́. Ẹran ń fì sọ́tùn-ún sósì, ìkọ́ kan tó ṣófo sì fa èjìká Alápatà ya láti ẹ̀yìn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá Gìrìpá ní ìhà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi kan náà, bí ẹni ń wá oríkèé. Gìrìpá fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, ó gbé e dùbúlẹ̀ sórí kùkùté igi, ó ń fún un.

"Ìwọ nìkan kọ́ ni bàbá bí!" ó ń pariwo. "Ìwọ nìkan kọ́!"

Kò pè é ní ìwọ rí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ojú Alápatà ń ṣókùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ wá àáké, ó rí i. Nínú òkùnkùn yẹn náà, àtàǹpàkò rẹ̀ yí ẹ̀rú àáké kí ẹ̀yìn irin lè wà nísàlẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ já bọ́ lé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀. Ó dún bí igi gbígbẹ. Gìrìpá ké bí ẹran.

Omi tútù tó pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ dà sórí àwọn méjèèjì. Ìyá wọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, garawa lọ́wọ́.

"Ṣé kí n so yín kọ́ mọ́ àwọn tó kù ni?"

"Màmá, ó fọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ó fún mi lọ́rùn!" Ohùn Alápatà ń há. "Ó pè mí ní ìwọ!"

"Ọwọ́ á san, ọrùn á san. Ìwọ yẹn ni mi ò mọ oògùn ẹ̀." Ìyá gbé garawa kalẹ̀. "Kí lẹ ń jà lé lórí?"

"Pẹ̀lẹ́ ti lóyún."

"Fún ta ni?"

"Fún ẹṣin Oníyìnyín."

Ìyá yí garawa dojú dé, ó jókòó lé e. "Nínú gbogbo àna tó wà láyé," ó ní.

Oyún kì í pẹ́ nínú géèmù yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Pẹ̀lẹ́ máa bí, wọ́n gbé fóònù ti àgò iyọ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ọwọ́ ọ̀tún Gìrìpá ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti rán èjìká Alápatà, àpá ìka sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Oníyìnyín wọlé láìkan ilẹ̀kùn, fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́, irin ní ìbàdí.

"Àna yín dé o," ó ní.

Pẹ̀lẹ́ dùbúlẹ̀. Ó gbọn ara, ó na ẹsẹ̀, ọmọ sì bọ́ sórí koríko. Funfun ni. Funfun ni etí, funfun ni ìrù, funfun ni pátákò.

"Funfun!" Oníyìnyín lu tábìlì. "Ẹ ò rí i? Bí yìnyín mi gẹ́lẹ́!"

Gìrìpá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ẹṣin dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó wá ọmú, ó mu ún. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó yí ọrùn, ó ń bu ìhà ara rẹ̀ jẹ bí ẹni pé ohun tó wà nínú ibẹ̀ ṣeé fà jáde. Ó ṣubú. Ó ń ta ìpá, ó ń fi orí lu ilẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù yẹn kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Nígbà tó dákẹ́, Pẹ̀lẹ́ na imú kàn án, ó sì tì í. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń wọ inú koríko.

Ọ̀rọ̀ jáde lójú fóònù: ìlà tó ń fi bí ẹ̀mí Pẹ̀lẹ́ ṣe kù hàn ti ń pọ́n, ó ń kúrú. Dókítà ẹran inú géèmù kì í fún ìyá lóògùn láìmọ ohun tó pa ọmọ. Ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ bàbá, onílé kálukú ló sì máa tẹ tirẹ̀. Alápatà tẹ ti Pẹ̀lẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Tẹ tìrẹ," ó wí fún Oníyìnyín.

"Kí gbogbo onílé ẹṣin lè rí i pé Ààrá ń pa ọmọ?"

"Ó ti pa á. Tẹ̀ ẹ́."

"Ẹṣin rẹ ló pa ọmọ mi!" Oníyìnyín ki fóònù bọ àpò, ó yíjú sí ọ̀nà.

Ìyá ti fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀, ó sì ti gbé ìdí lé garawa rẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá wọn fi ìka méjì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí," ó ní. "Kò burú bí ìwọ náà bá fi nǹkan kan sílẹ̀."

Oníyìnyín yọ irin. Àyà Alápatà ló gún un sí, tagbáratagbára, ṣùgbọ́n Gìrìpá ti bọ́ sáàárín. Irin wọ abẹ́ èjìká ọ̀tún rẹ̀ títí igi ìdí rẹ̀ fi kan aṣọ. Gìrìpá kò ṣubú. Ó gbé ọwọ́ sìmẹ́ńtì sókè, ó fi gbá Oníyìnyín lójú. Imú fọ́, sìmẹ́ńtì náà fọ́, Gìrìpá sì pariwo ju ẹni tó lù lọ. Oníyìnyín fà á mọ́ ògiri, ó ń yí irin náà nínú ẹran rẹ̀.

Alápatà ṣí fírísà. Ó fa ẹsẹ̀ màlúù kan tó ti dì gbagidi yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó gbá ẹ̀yìn orúnkún ọkùnrin náà. Oríkèé ni. Oníyìnyín kúnlẹ̀. Ó tún gbá a ní ẹ̀gbẹ́ orí, bàsíà ìfun dojú dé, ọkùnrin náà sì nà sínú rẹ̀. Alápatà fi orúnkún tẹ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa fóònù yọ lápò rẹ̀.

"Àtàǹpàkò."

Oníyìnyín di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù. Alápatà ṣí i bí ẹni ń tú ìyẹ́ adìẹ, ìka kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó kan àtàǹpàkò, kò fẹ́ ṣí, ó sì ṣẹ́. Ó fi èyí tó ṣẹ́ náà ṣí fóònù, ó sì fi tẹ bọ́tìnì àyẹ̀wò.

Èsì Ààrá jáde. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ burúkú, ẹyọ kan.

"Mo sọ ọ́!" Alápatà gbé ojú sókè, ó ń wo àbúrò rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé o rí i báyìí? Ṣé mi ò sọ ọ́?"

Fóònù orí tábìlì náà dún. Ìyá ló sún mọ́ ọn jù. Ó nà án sí wọn kí àwọn méjèèjì lè kà á. Èsì Pẹ̀lẹ́ ni. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ burúkú, ẹyọ kan.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìka Gìrìpá sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀.

Kò lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ló ń pa ọmọ, Alápatà ló sì mọ ìṣirò náà jù. Gbogbo akọ tó wá láti òde ló ti bi léèrè èsì, ó ti lé wọn, ó ti bú onílé wọn. Kò tẹ àyẹ̀wò ti Pẹ̀lẹ́ rí. Ẹran ilé ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn láti ayé bàbá: màlúù òde ni wọ́n ń tẹ ìhà rẹ̀, wọ́n ń wo imú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n kàn ń mú un wá sídìí igi ni.

Gìrìpá yọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, irin nínú ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹran ilé wa," ó ní. "Áà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹran ilé wa náà gbé e."

Dókítà inú géèmù fi oògùn ránṣẹ́. Ìlà pupa dúró. Fún ìgbà díẹ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó gùn sí i díẹ̀. Ìyá gbé ilẹ̀kùn irin sókè níwọ̀n tí ajá lè gbà, Oníyìnyín sì fi ikùn gba ibẹ̀ jáde, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀.

Ìyá tẹ ilé ìwòsàn láago kí ọkọ̀ máa bọ̀. Wọn kò fa irin náà yọ. Ìdílé alápatà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe bí a bá fa irin. Wọ́n ká aṣọ yí ìdí rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn Gìrìpá ti fírísà. Ìyá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀.

Alápatà mú àáké. Ó yí i, ó na ẹ̀rú rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó wá tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sórí kùkùté igi, ọrùn ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o lò," ó ní. "Èmi náà, ẹ̀yìn ni mo lò."

Búrọ́ọ̀ṣì ìyá dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Gìrìpá gbé àáké náà sókè, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́, ibi tí oríkèé wà, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn méjèèjì láti máa wò ó. Alápatà kò mira.

"Èmi ò fi òsì gé ẹran rí," Gìrìpá wí níkẹyìn. "Bí mo bá ṣì í gbá, ta ló máa gé tọ̀la? Màmá?" Ó fi àáké lélẹ̀ lórí igi. "Ẹ mú fóònù wá. Gbogbo wọn la máa tẹ̀. Láti orí àgbà ilé."

Àgbà ilé ni akọ tí bàbá kọ́kọ́ rà, arúgbó tí kò ṣe nǹkan kan mọ́ ju kó máa jẹko. Gìrìpá fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ èyí tó kàn. Lẹ́yìn náà ó fi Pẹ̀lẹ́ sínú ìsinmi, kí akọ kankan má lè béèrè rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, wọ́n á wá akọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún un, ọmọ kan kò sì ní í kó ìlẹ̀kẹ̀ méjì mọ́. Ìyẹn lè pẹ́. Lójú fóònù, Pẹ̀lẹ́ dìde. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun funfun tó wà nílẹ̀, ó rìn dé ibi tí koríko wà, ó sì tẹ orí ba.

"Ó ń jẹun," Gìrìpá wí.

Ọwọ́ Alápatà ṣì wà níbi tó tẹ́ ẹ sí.

"Gbé ọwọ́ yẹn kúrò lórí igi," ìyá wọn wí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Mo fẹ́ fọ ibẹ̀."